Ta Ni Ó Kọ́kọ́ Sọ Ọ́?

 

Lẹ́tà kan ni mo fẹ́ dáhùn lónìí. Ìyá kan ni ó kọ ọ́. N kò ní í dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní í dárúkọ ìlú rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ilé ni. Ó ní ìyàwó ọmọ òun bí ọmọbìnrin kan, ọmọ náà ti pé oṣù méje. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá sí àdúgbò wọn láti kán oògùn rọpárọsẹ̀ sí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ lẹ́nu, ni ìyàwó bá gbé ọmọ wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Nígbà tí ìyá béèrè ìdí rẹ̀, ó na fóònù sí i pé kí ó gbọ́ ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun. Ohùn ọkùnrin kan ni, tí ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó kàwé gan-an. Ó ní àwọn òyìnbó ti po nǹkan mọ́ oògùn náà, kí àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí má baà lè bímọ bí wọ́n bá dàgbà. Ìyá ní òun bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Òun bá a jà, kò gbọ́. Ọmọ òun tí ó jẹ́ ọkọ rẹ̀ ní kí àwọn méjèèjì fi òun lọ́rùn sílẹ̀. "Ẹ bá mi bá a wí nínú ìwé yín," báyìí ni ìyá parí lẹ́tà rẹ̀, "ó máa ń kà á."

Ìyá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi. N kò ní í bá a wí. Bí mo bá máa bá ìyàwó yín wí, ara mi ni n ó kọ́kọ́ bá wí, nítorí ohun tí mo ṣe ní oṣù kẹjọ ọdún 2014.

Ẹ rántí ọdún náà. Ní ogúnjọ́ oṣù keje ni ọkùnrin kan tí ó ní àrùn Ẹbólà lára wọ ọkọ̀ òfuurufú dé Èkó láti ilẹ̀ Làìbéríà. Ẹ̀rù bo gbogbo ènìyàn. Ní òru ọjọ́ kan, agogo méjì ti lù, fóònù mi dún. Àbúrò màmá mi ni, ẹni tí à ń pè ní Màmá Kékeré. "Ọmọ mi, dìde o! Gbé omi kaná, da iyọ̀ sí i, kí gbogbo ilé fi wẹ̀, kí ẹ sì mu díẹ̀ nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Oògùn Ẹbólà nìyẹn. Tètè pe àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ!"

Mo dìde. N kò béèrè ohunkóhun. Mo gbé omi kaná, mo jí àwọn ọmọ, mo fi omi iyọ̀ wẹ̀ wọ́n nínú òtútù òru, tí àbíkẹ́yìn ń ké pé ojú ń ta òun. Mo sì ti pe ilé mẹ́rin kí n tó ráyè mí. Nígbà tí mo bu ti baálé mi sínú ife tí mo gbé e fún un, ó wò mí, ó ní, "Ìyá Rìsì, ta ni ó sọ fún Màmá Kékeré?" Inú bí mi. Mo ní ṣé Màmá lè purọ́ fún wa ni? Ó ní òun kò pe Màmá ní òpùrọ́, ẹni tí ó sọ fún un ni òun ń béèrè. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá ọkùnrin yìí jà, dókítà sì ti kìlọ̀ fún un kí ó ṣọ́ iyọ̀ jẹ. Ọlọ́hun ni ó yọ mí tí kò gba ife náà lọ́wọ́ mi.

Ní àárín oṣù náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó kéré tán, ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí pé wọ́n mu omi iyọ̀. Àrùn Ẹbólà fúnra rẹ̀, ogún ènìyàn ni ó mú ní orílẹ̀-èdè wa, mẹ́jọ sì kú nínú wọn. Kì í ṣe iyọ̀ ni ó lé e lọ, kì í sì í ṣe orógbó tí owó rẹ̀ gbé pẹ́ẹ́lí ní ọjà nígbà náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ni wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé, tí wọ́n wá àwọn ènìyàn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900 rí, àwọn tí ó ti súnmọ́ aláìsàn, tí wọ́n sì ń yẹ̀ wọ́n wò fún ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá ni wọ́n kéde pé àrùn náà ti kúrò ní ilẹ̀ wa.

Nígbà tí ojú mi wálẹ̀, mo tọpa ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí. Màmá Kékeré gbọ́ ọ lẹ́nu ayálégbé rẹ̀. Ayálégbé gbọ́ ọ lẹ́nu àbúrò rẹ̀ ní Ìbàdàn. Àbúrò ní àáfà kan ni ó sọ fún òun. Àáfà ní kì í ṣe òun o, wọ́n fi í ránṣẹ́ sórí fóònù òun ni, òun kò sì mọ ẹni tí ó ni nọ́ńbà náà. Ibẹ̀ ni okùn já sí. Ènìyàn mẹ́rin, olóòótọ́ ni gbogbo wọn, ìfẹ́ ni ó sì mú wọn sọ̀rọ̀, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ àwa Mùsùlùmí gan-an ni ó yẹ kí a máa kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní nǹkan yìí. Ẹni tí ó bá ti jókòó ní ilé kéwú mọ̀ pé kí ọ̀rọ̀ hádíìsì tó bẹ̀rẹ̀, orúkọ àwọn ènìyàn ni ó máa ń ṣáájú: lágbájá gbọ́ ọ lẹ́nu tàmẹ̀dò, tàmẹ̀dò gbọ́ ọ lẹ́nu làkáṣègbè, títí tí ó fi kan Ànábì. Ìsínáàdì ni à ń pè é. Ìmáàmù Bukhari, tí a bí ní ìlú Bukhara ní ọdún 810, fi ọ̀pọ̀ ọdún rin ìrìn-àjò nítorí rẹ̀. Àwọn onímọ̀ a máa béèrè pé: ṣé ẹni yìí pàdé ẹni tí ó ní òun gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí? Ṣé wọ́n tilẹ̀ jọ wà láyé nígbà kan náà? Ṣé iyè rẹ̀ ń di nǹkan mú? Ibi tí ó wù mí jù nìyí: ẹlòmíràn wà nínú wọn tí ó ń kírun lóru, tí ó ń gbààwẹ̀, tí kò sì purọ́ rí, síbẹ̀ wọn kò gba hádíìsì lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé kì í rántí nǹkan dáadáa. Wọn kò bú u. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún un, wọ́n sì wá ọ̀rọ̀ lọ sí ibòmíràn. Ohun tí ó yẹ kí n ṣe sí Màmá Kékeré ní òru ọjọ́ náà gan-an nìyẹn. Gbogbo wa ni à ń gbọ́ ní ìdí wáàsì pé Súúrà Hujuráátì, ní ẹsẹ kẹfà, pa á láṣẹ pé kí a wádìí ìròyìn. Ṣùgbọ́n bí fóònù bá ti dún, gbogbo rẹ̀ a fò lọ.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ ìyàwó tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, nítorí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ le ju ti iyọ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ iyọ̀ kò ju àhesọ lásán lọ. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìyàwó, ọ̀rọ̀ rìkíṣí ni: ó ní àwọn kan wà ní ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n pète ibi sí wa. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní àgbékalẹ̀ tirẹ̀. Bí o bá ní irọ́ ni, wọn a ní ìwọ náà wà nínú wọn. Bí dókítà bá ní irọ́ ni, wọn a ní òyìnbó ti fún un lówó. Kò sí ibi tí ènìyàn lè bá wọ inú rẹ̀.

Kí ìyàwó mọ̀ pé ohùn tí ó gbọ́ yẹn kì í ṣe tuntun. Ọ̀rọ̀ náà ti lé ní ogún ọdún. Ní ọdún 2003, ní ìhà Òkè Ọya, àwọn aṣáájú ẹ̀sìn kan àti àwọn olóṣèlú kan kéde pé oògùn rọpárọsẹ̀ ń sọ ọmọbìnrin di àgàn. Àwọn ìpínlẹ̀ bíi Kano, Zamfara àti Kaduna dá kíkán rẹ̀ dúró. Ti Kano ni ó pẹ́ jù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan.

Ẹ má sì sọ pé òmùgọ̀ ni àwọn ènìyàn Kano. Ní ọdún 1996, àrùn yírùnyírùn jà ní Kano, ó ń pa àwọn ọmọdé. Ilé iṣẹ́ olóògùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí à ń pè ní Pfizer wá síbẹ̀, ó dán oògùn tuntun kan, Trovan, wò lára 100 ọmọ, ó sì fún 100 mìíràn ní oògùn tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ mọ́kànlá kú nínú wọn, àwọn òbí kan sì ní kò sí ẹni tí ó sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ilé iṣẹ́ náà ní àrùn ni ó pa àwọn ọmọ, kì í ṣe oògùn òun. Ìwé ìròyìn Washington Post gbé ọ̀rọ̀ náà jáde ní ọdún 2000. Ẹjọ́ dé kóòtù, ó pẹ́ níbẹ̀, títí ilé iṣẹ́ náà fi gbà ní ọdún 2009 láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là fún ìparí ìjà pẹ̀lú Ìpínlẹ̀ Kano. Nítorí náà, nígbà tí ìyá kan ní Kano rí àjèjì tí ó gbé oògùn wá ní ọdún 2003, ó ní ohun tí ó ń rántí. Ó tún ní ìbéèrè kan tí ó dára: bí ibà bá mú ọmọ mi, n ó ra oògùn, kí ni ó dé tí èyí fi jẹ́ ọ̀fẹ́, tí wọ́n tún ń gbé e wá bá mi nínú ilé lẹ́ẹ̀mẹwàá?

Ìbéèrè rere ni. Ìdáhùn sì wà. Kòkòrò rọpárọsẹ̀ ń ràn láti ara ọmọ kan sí òmíràn, nípa ìgbẹ́ tí ó dàpọ̀ mọ́ omi àti oúnjẹ, kò sì sí oògùn tí ó lè wò ó sàn bí ó bá ti rọ ẹsẹ̀ ọmọ. Àfi kí a dènà rẹ̀, a kò sì lè dènà rẹ̀ bí a bá fi ilé kan sílẹ̀ nínú mẹ́wàá. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi ń dá owó sí i. Ṣùgbọ́n ta ni ó jókòó ti àwọn ìyá wọ̀nyẹn láti ṣàlàyé? Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ lórí oògùn kan ni wọ́n mú, wọ́n sì fi í gbé irọ́ lé oògùn mìíràn lórí. Kò sì sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé irú oògùn kan náà ni àwọn ìyá ní Íjíbítì àti Sáúdí Arébíà ń gbà fún ọmọ tiwọn. Láti ọdún púpọ̀ sẹ́yìn, àwọn arìnrìn-àjò Hájì láti Nàìjíríà ni àwọn aláṣẹ Sáúdí ń béèrè oògùn yìí lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin Alhaja tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ̀yin náà lè jẹ́rìí sí i.

Báwo ni ọ̀rọ̀ náà ṣe parí? Kì í ṣe ariwo ni ó parí rẹ̀. Àwọn aṣojú, tí àwọn aṣáájú Mùsùlùmí wà nínú wọn, lọ sí South Africa, Íńdíà àti Indonesia ní ọdún 2004 láti fi ojú ara wọn wo bí wọ́n ṣe ń yẹ oògùn náà wò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ra oògùn tí wọ́n ṣe ní Indonesia, ilẹ̀ tí Mùsùlùmí pọ̀ sí jù lọ lágbàáyé. Ní ìparí oṣù keje ọdún 2004, gómìnà Kano, Ibrahim Shekarau, jẹ́ kí wọ́n kán an sí ọmọ tirẹ̀ lẹ́nu ní gbangba. Wọ́n fún àwọn oníyèméjì ní àyè láti wádìí, wọ́n wádìí, ọkàn wọn sì balẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́. Ọ̀kan péré nínú bí igba ọmọ tí kòkòrò náà wọ ara wọn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń rọ, nítorí náà ó ti rìn jìnnà kí ojú tó rí i. Ní ọdún 2006, àwọn ọmọ tí ó rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ ní Nàìjíríà lé ní 1,100. Ó kọjá lọ sí nǹkan bí ogún orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 2005 ó dé Indonesia, tí kò rí rọpárọsẹ̀ mọ́ láti bí ọdún mẹ́wàá, ó sì rọ bí 300 ọmọ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ kòkòrò náà wò, ti Nàìjíríà ni orísun rẹ̀. Ilẹ̀ tí ó fún wa ní oògùn tí a gbẹ́kẹ̀ lé, àrùn ni a fi san án fún wọn. Ní oṣù kejì ọdún 2013, àwọn agbébọn yìnbọn pa ó kéré tán obìnrin mẹ́sàn-án ní Kano, àwọn tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n kán oògùn yìí sí ọmọ lẹ́nu lọ. Obìnrin bíi tiwa ni wọ́n.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n tó kéde pé rọpárọsẹ̀ ti ìgbàanì ti tán ní ilẹ̀ Áfíríkà. Mo ní ti ìgbàanì, nítorí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìdajì òótọ́ mú yín lẹ́yìn ọ̀la. Kòkòrò tí ó wà nínú oògùn náà, wọ́n ti sọ ọ́ di aláìlágbára. Bí ó bá bọ́ sí ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò ti gba oògùn, tí ó ń kiri láti ara ọmọ dé ara ọmọ fún ìgbà pípẹ́, ó lè yí padà kí ó tún gba agbára, irú èyí sì ti rọ àwọn ọmọ kan ní ilẹ̀ wa. Ẹni tí ó bá ní "oògùn ń fa rọpárọsẹ̀" kò parọ́ pátápátá. Ó kàn gé ọ̀rọ̀ ní ibi tí ó wù ú ni. Ìyókù ọ̀rọ̀ ni pé ibi tí gbogbo ọmọ bá ti gbà á, kòkòrò náà kì í rí ibi tí yóò bá lọ. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ òótọ́ tí ó kúrú báyìí, ẹ béèrè ìyókù rẹ̀.

Ǹjẹ́ a lè kọ́ ènìyàn ní irú ìbéèrè báyìí? A lè kọ́ ọ. Ní Uganda, ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ kan dán an wò ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 120, lára àwọn ọmọ tí ó lé ní 10,000. Wọ́n fi ìwé aláwòrán, tí ó ní ìtàn àti ayékòótọ́ kan nínú, kọ́ ìdajì àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà fún sáà kan: bí ẹnìkan bá ní nǹkan báyìí ń wo àrùn báyìí sàn, báwo ni ó ṣe mọ̀? Ṣé wọ́n fi àwọn tí ó lò ó wé àwọn tí kò lò ó? Tàbí ọ̀fìnkìn tí ì bá lọ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n ń fi yangàn? Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, 69 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí a kọ́ ni ó yege. Nínú àwọn tí a kò kọ́, 27 ni. Wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún àwọn òbí, nípa ètò tí wọ́n ń gbọ́ létí bíi ti rédíò. Ó ran àwọn òbí náà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọdún kan, àwọn òbí ti gbàgbé púpọ̀ nínú rẹ̀, ẹ̀kọ́ náà sì wà lórí àwọn ọmọ síbẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Láti ìgbà tí mo ti ka ìyẹn ni mo ti ń jẹ́ kí Rìsì gbọ́ ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí mi kí n tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ó burú díẹ̀. Àǹbọ̀tórí nínú ẹgbẹ́ Àsáláátù wa, níbi tí ó ti béèrè lọ́wọ́ Ìyá Sùnnà gan-an pé, "Ìyá, ta ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́?"

Ó ku ọ̀rọ̀ èmi àti ìwọ, ìyàwó wa tí ó ń ka ìwé yìí. O gbé ọmọ rẹ wọ yàrá nítorí pé o fẹ́ràn rẹ̀, o sì fẹ́ kí òun náà bímọ lọ́jọ́ iwájú. Gbogbo ìyá ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀ bí ó bá gba ohun tí o gbọ́ gbọ́. Tún ohùn ọkùnrin náà gbọ́. Ṣé ó dárúkọ ara rẹ̀? Ṣé ó dárúkọ ilé àyẹ̀wò tí ó ti rí nǹkan nínú oògùn, tàbí ọdún tí ó rí i? Bí o bá pe ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ sí ọ, tí òun náà pe ẹni tí ó fún un, níbo ni okùn yóò já sí? Tún wo èyí: àwọn ọmọbìnrin tí a kán an sí lẹ́nu ní Kano lẹ́yìn ọdún 2004 ti di ìyá ọlọ́mọ lónìí.

Ẹ̀yin ìyá mi, kí ẹ má ja ọmọ náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ má sì fi í pamọ́ lọ gba oògùn. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ti sọ ara yín di ẹnìkan nínú àwọn onírìkíṣí. Ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ jọ lọ sí ilé ìgbẹ̀bí tàbí ilé ìlera tí ó súnmọ́ yín, ní ọjọ́ tí wọ́n ń gba ọmọ, kí ẹ sì mú káàdì rẹ̀ dání, nítorí ní ọjọ́ ìbí àti ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, kẹwàá àti kẹrìnlá ni ó yẹ kí ó ti gbà á. Nọ́ọ̀sì yóò wo èyí tí ó kù. Kí ìyàwó béèrè ibi tí wọ́n ti ṣe oògùn náà. Kí ó ní kí wọ́n fi ìgò kékeré rẹ̀ han òun. Àmì róbótó kan wà lára ìgò náà, tí igun mẹ́rin kékeré wà láàárín rẹ̀. Bí igun mẹ́rin náà bá funfun ju róbótó tí ó yí i ká lọ, oògùn náà dára. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ti dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀ tàbí tí ó dúdú jù ú lọ, ooru ti bà á jẹ́, kí ó kọ̀ ọ́. Kò nílò ìwé mẹ́wàá láti mọ ìyẹn, ojú lásán tó. Kí ó wò ó fúnra rẹ̀ kí ó tó la ẹnu ọmọ.

Ìyá mi, ẹ kọ̀wé sí mi bí ẹ bá ti dé.